Kámẹ́rà Ní Mo Wà Níbẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà náà dé, orúkọ ọkọ àǹtí mi ló sì wà lára àpòòwé rẹ̀. Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti tú u, ó ti kà á tán, ó sì ti tẹ́ ẹ sórí orúnkún rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì fún ìjọ. Kò dáhùn ìkíni mi.

"Dádì Tóyìn, ẹ kú ilé o, sà," mo tún wí.

"Jókòó."

Mo jókòó. Àǹtí mi wà ní kíṣìnì. Mo ń gbọ́ tí omi ń ṣàn sórí àwo, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí àwo kan kan èkejì. Ó ń tẹ́tí ni.

"Ọjọ́ Túsìdeè, ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, níbo lo gbé mọ́tò mi lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni, sà."

"Ibi iṣẹ́." Ó na lẹ́tà náà sí mi. "Kà á."

Àwòrán méjì ló wà nínú rẹ̀. Nínú èkíní, mọ́tò náà ń wọ ibi ìgbọ́kọ̀sí kan tó wà níwájú àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Dagenham, ní aago méje àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nínú èkejì, ó ń jáde ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Wákàtí méjì ni wọ́n gba èèyàn láyè láti gbé ọkọ̀ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń mójú tó ibẹ̀ ní a ti lo wákàtí mẹ́sàn-án, kí a san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn, àmọ́ tí a bá tètè san án láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, àwọn á gba ọgọ́ta.

"Wákàtí mẹ́sàn-án," ni Dádì Tóyìn wí. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. "Kí ni obìnrin tí kò lọ́kọ ń ṣe nínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́sàn-án? Ta ni ẹ jọ wà níbẹ̀?"

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ìyókù. Ní Ṣàgámù, ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Èmi ni mo máa ń pe orúkọ olùpẹ̀jọ́ àti ti olùjẹ́jọ́, èmi náà ni mo máa ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ìyàwó tó fẹ́ kọ ọkọ, ẹ̀gbọ́n tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àbúrò, onílé tó kó ẹrù ayálégbé síta. Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ dùn tó, ààrẹ kóòtù á gbọ́wọ́ sókè, á ní ká dúró ná, ká gbọ́ tẹnu ẹnì kejì. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. A kì í kọ ọ́ sára ògiri. Ọmọ tó ń ta omi níta kóòtù pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ní Barking, níhìn-ín ní ìlú òyìnbó, ilé ìfọṣọ ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe èyí tí èèyàn máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì méjì lọ. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì ló ń kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì àti táwẹ̀lì wá síbẹ̀ láràárọ̀, ọkọ̀ gàgàrà mẹ́ta, mẹ́rin. Èmi wà lára àwọn tó ń ṣà wọ́n kí wọ́n tó wọnú ẹ̀rọ. Ìbọ̀wọ́ wà lọ́wọ́ wa, nǹkan sì wà nímú wa, síbẹ̀ òórùn ń wọlé. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, èébì wà níbẹ̀, àwọn nǹkan tí mi ò ní dárúkọ náà wà níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mi ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Ohun tó rí mi lára jù ni pé àwọn tí mi ò ní fojú kàn láéláé ló ṣe ìdọ̀tí yìí, wọ́n dìde, wọ́n wọ aṣọ tó mọ́, wọ́n bá tiwọn lọ, ó wá kù sí èmi lọ́wọ́. Ó pẹ́ kí ara mi tó gbà á. Ó sì gbà á ṣá, nítorí pé omi gbígbóná àti ọṣẹ ń bọ́ ìdọ̀tí aṣọ.

Inú ilé àǹtí mi ní Dagenham Village ni mo ń gbé láti ìgbà tí mo ti dé, nínú yàrá kótópó tí bẹ́ẹ̀dì àti àpótí mi ti gba tán. Mọ́tò Dádì Tóyìn ni mo ń wà lọ síbi iṣẹ́, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin ni òun ń wọ̀ lọ sí àárín ìlú níbi tó ti ń ṣe sìkọ́ríìtì. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló máa ń fẹ́ mọ́tò, fún ìjọ. Alàgbà ni nínú ìjọ Aládùúrà tí gbogbo wa ń lọ. Èmi ni mo ń ra epo sínú mọ́tò náà, èmi ni mo sì ń fọ̀ ọ́.

Ní Túsìdeè yẹn, àǹtí mi ní orí ń fọ́ òun, kí n bá òun ra oògùn. Mo yà síbi àwọn ṣọ́ọ̀bù yẹn láàárọ̀, mo ra oògùn àti búrẹ́dì, kò sì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo fi jáde. Mo lọ síbi iṣẹ́, mo gbé mọ́tò sínú àgbàlá ibi iṣẹ́ wa. Nígbà tí mo ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, mo tún yà síbẹ̀ láti ra káàdìbọọ̀dù tí Tóyìn máa fi ṣe iṣẹ́ ilé ìwé. Mo jáde. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kámẹ́rà wọn rí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọlé, ó sì rí ìgbà tí mo jáde kẹ́yìn. Ó fojú fo ti àárín, bóyá ọkọ̀ ńlá kan ló bo nọ́ńbà mi, mi ò mọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Dádì Tóyìn báyìí gẹ́lẹ́, ní pálọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

"Kámẹ́rà kì í purọ́," ni ó wí. "Èèyàn ló ń purọ́."

"Dádì Tóyìn, ẹ̀yin náà lẹ jẹ búrẹ́dì tí mo rà."

"Má fi búrẹ́dì dá mi lóhùn. Wọ́n ní kí ẹni tó ni mọ́tò sọ ẹni tó wà á. Mo ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀ lórí ayélujára. Ìwọ àtàwọn ló kù. Bá mi san ọgọ́ta wọn kó tán, kí o má kó ìtìjú wọ ilé mi."

Ó ti fi orúkọ mi sílẹ̀ kí n tó dé. Kí n tó jókòó. Kí ó tó béèrè pé níbo ni mo lọ. Mo wo àǹtí mi tó ti wá dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, aṣọ ìnuwọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbójú sílẹ̀. Ó rí mi lára bíi ti ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ìfọṣọ.

Lọ́jọ́ kejì, mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìgbọ́kọ̀sí náà láti wá ẹni tí mo máa bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ Ṣàgámù máa ṣe nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn ọ́, o máa lọ bá ẹni tó fẹ̀sùn kàn ọ́, ẹ máa jọ wo ojú ara yín. Mo yí gbogbo ibẹ̀ ká. Mi ò rí ilé kékeré kan tí èèyàn jókòó sí, mi ò rí fèrèsé tí mo lè kàn. Òpó irin ni mo rí, tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀, àti pátákó ìkìlọ̀ kan tí lẹ́tà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án kí n tó lè kà á. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ bá ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ Nàìjíríà ni òun náà.

"My sister, no be us get this place o," ni ó wí. "Dem no dey come here at all. Na only that pole dem plant."

"Ta ni mo máa wá bá sọ̀rọ̀?"

Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè náà. Ó kàn tọ́ka sí fóònù tó wà lọ́wọ́ mi.

Mo jókòó sórí irin kan níwájú òpó yẹn, mo sì rò ó wò. Ní ìlú mi, tí mo bá ní mo wà níbì kan ní aago mẹ́wàá, ẹni mẹ́wàá ló máa jẹ́rìí. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe á ní òun rí mi nígbà tí mo ń kọjá, mo tiẹ̀ kí òun kú iṣẹ́. Ìyá tó jókòó síwájú ilé á ní mo wọ aṣọ búlúù. Mo máa ń bínú sí wọn nígbà náà pé wọ́n ń ṣọ́ mi jù. Níhìn-ín, mo ti lo nǹkan bí ọdún méjì, mo ń jáde láàárọ̀, mo ń wọlé nírọ̀lẹ́, kò sì sí ẹ̀dá kan tó lè sọ ibi tí mo wà ní ọ̀sán Túsìdeè. Òpó irin nìkan ló ní òun rí mi, òun náà ló sì ń parọ́ mọ́ mi. Ìgbà náà ni ó yé mi ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ àjèjì. Kò sí ẹni tó ń rí ọ.

Mo kọ̀wé sí wọn. Dádì Tóyìn ní kí n bẹ̀ wọ́n, pé tí mo bá bẹ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n lè dín in kù. Mi ò bẹ̀. Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni mo pè, mo sì mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ju ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn lọ. Níbi iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan wà tí a máa ń tẹ ìka sí tí a bá wọlé àti tí a bá jáde. Mo gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ó hàn kedere níbẹ̀ pé mo wọlé ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, mo sì jáde ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Mo fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú àlàyé tó gún régé, mo sì tún un kà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo tiẹ̀ ń kọrin nídìí iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú ni Màámi pè. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màámi kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í sọ̀rọ̀ yípo.

"Ọkọ àǹtí rẹ pè mí," ni ó wí.

"Kí ni wọ́n sọ, Màámi?"

"Ó ní o ń gbé ọkùnrin sínú mọ́tò òun. Ó ní ìjọba ya àwòrán rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

"Kì í ṣe ìjọba, Màámi. Ilé iṣẹ́ kan lásán ni. Wọn ò sì ya àwòrán ọkùnrin kankan, mọ́tò ni wọ́n yà, ó ń wọlé, ó ń jáde."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìjọba. Mo ní ṣé òótọ́ ni?"

"Irọ́ ni."

Mo ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lẹ́yìn ilé wa nínú fóònù, mo sì ń rò ó pé láti ọ̀nà tó jìn tó báyìí, lẹ́tà ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn ti mú kí ìyá tó bí mi béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi.

"Ó dáa," ni Màámi wí. "Mo gbọ́ tirẹ̀. Kí lo wá ń ṣe sí i?"

"Mo ti kọ̀wé sí wọn."

"Ṣé ìwé náà mọ́? Ṣé kò sí ẹkún nínú rẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Dúró lé e, nígbà náà. Kí o sì jẹun."

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé. Wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn. Wọ́n ní àwọn ti gbé ọ̀rọ̀ mi yẹ̀ wò. Wọ́n ní ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ń sọ ibi tí èmi wà, kò sọ ibi tí ọkọ̀ wà, nítorí náà ẹjọ́ mi kò lè wọlé. Bí mi ò bá sì gbà, mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn adájọ́ kan tí kò sí lábẹ́ wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá lọ tí mo sì pàdánù, ọgọ́ta ti lọ nìyẹn, ọgọ́rùn-ún ni màá san.

Mo ka gbólóhùn yẹn títí. Ibi tí èmi wà, kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ wà. Wọ́n ti gbà pé mo wà níbi iṣẹ́. Mọ́tò nìkan ló wá jókòó sí Dagenham fún wákàtí mẹ́sàn-án, tí èmi sì fẹsẹ̀ rìn dé Barking láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, mo tún fẹsẹ̀ rìn padà wá gbé e. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀, ó sì kọ ọ́, ó fi "a dúpẹ́" parí rẹ̀, kò sì fi orúkọ sí i. Mo ti fọwọ́ kan ohun tó ń rùn nílùú yìí, mi ò tíì rí èyí tó rùn tó ìwé yẹn. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó funfun, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ.

Dádì Tóyìn kò tún bá mi sọ̀rọ̀. Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lórí tábìlì láìwò mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ bọ́ọ̀sì méjì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí a bá ń gbàdúrà àárọ̀, ó máa ń pe ẹ̀mí àgbèrè níjà, á ní kó kúrò nínú ilé òun lórúkọ Jésù, Tóyìn ọmọ ọdún mẹ́jọ á sì ṣe àmín. Èmi náà ń ṣe àmín. Ó ń rí mi lára pé mo ń ṣe é, àmọ́ inú yàrá rẹ̀ ni mo ń sùn.

Èyí tó dùn mí jù ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan tí ọkọ àǹtí mi lọ síbi ìpàdé àwọn alàgbà. Mo ń ká aṣọ nínú yàrá mi. Àǹtí mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ mi mú bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí a wà léwe.

"Àbúrò mi, sọ òótọ́ fún èmi. Mi ò ní sọ fún un."

"Òótọ́ wo, àǹtí mi?"

"Orúkọ ọkùnrin náà."

Mo fa ọwọ́ mi yọ. Mi ò tíì bínú báyẹn rí láyé mi. Oògùn orí fífọ́ tirẹ̀ ni mo lọ rà. Ó lo oògùn náà. Ó jókòó níwájú mi pẹ̀lú ojú àánú, ó ń wá orúkọ ọkùnrin tí kò sí láyé lẹ́nu mi, kí ó lè ràn mí lọ́wọ́.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ibi iṣẹ́ ni omijé ti wá bọ́, láìrò tẹ́lẹ̀, ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ́hánà ló jókòó ní ọ̀kánkán mi. Bangladesh ni wọ́n ti bí i, apá ibi tí wọ́n ti ń di aṣọ tó ti gbẹ ló wà, a kì í sì í sọ̀rọ̀ ju "ẹ káàárọ̀" lọ. Ó fi abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí, ó ní ta ló kú. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún un pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì tí omijé ti kún, láti oògùn orí fífọ́ dé orí lẹ́tà tó ní ibi tí mo wà kì í ṣe ibi tí mọ́tò wà.

"Dúró ná," ni ó wí. "Ọjọ́ wo lo ní?"

Mo sọ ọjọ́ náà.

"Mọ́tò rẹ, ṣé èyí tó ní rìbọ́ọ̀nù funfun lórí díńgí rẹ̀ ni? Aláwọ̀ eérú?"

"Òun ni. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni rìbọ́ọ̀nù náà."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan nínú fóònù rẹ̀. Ó wá a títí, ó ń fi ìka ti àwòrán lọ sókè, àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀, àwòrán oúnjẹ, àwòrán òjò. Lẹ́yìn náà ó pariwo, gbogbo ilé oúnjẹ sì yíjú sí wa.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni. Ó ká jọ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Dádì Tóyìn, ó fi ìrù bo imú, ó ń sùn nínú oòrùn bí ọmọ onílé. Àgbàlá ibi iṣẹ́ wa ló wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú àwọn kéèjì irin tí a fi ń kó aṣọ. Nísàlẹ̀ ẹranko náà, nọ́ńbà mọ́tò hàn ketekete, a lè ka gbogbo rẹ̀. Fóònù náà ní ọjọ́ Túsìdeè yẹn ni, aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú.

"Mo yà á fún àwọn ọmọ mi," ni Rẹ́hánà wí. "Mi ò fi hàn ọ́ nítorí mo rò pé inú á bí ọ pé ẹranko gun mọ́tò rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún, mo sì dì mọ́ obìnrin tí mi ò bá sọ ju ìkíni lọ títí di ọjọ́ yẹn. Ẹnì kan ti rí mọ́tò náà. Nínú gbogbo ìlú ńlá yìí, ẹnì kan ti dúró wo ibi tí mo wà.

Mo kọ ẹjọ́ kejì sí àwọn adájọ́ náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ní láìbìrì Barking. Mo fi àwòrán náà sí i. Rẹ́hánà kọ ìwé ẹ̀rí tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ni ìwé mi. Àkọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìkejì sọ bí a ṣe mọ̀, ìkẹta ní kí wọ́n fi àwòrán ìgbà tí mọ́tò jáde láàárọ̀ hàn mí, tàbí kí wọ́n fi hàn mí pé kò sí. Iṣẹ́ mi nìyẹn, mo ti gbàgbé pé mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Kò dé iwájú adájọ́ kankan. Ilé iṣẹ́ náà sá. Ímeèlì ni wọ́n fi ránṣẹ́, ní ọjọ́ Tọ́sìdeè kan nígbà tí mo wà nínú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní láti inú ìwà ọ̀làwọ́ àwọn, àwọn ti fagi lé owó náà ní ẹ̀ẹ̀kan yìí. Wọ́n ní èyí kò túmọ̀ sí pé àwọn ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní kí n máa ka pátákó ìkìlọ̀ dáadáa lọ́jọ́ iwájú.

Ó yẹ kí n yọ̀. Mo yọ̀ fún ibùdókọ̀ kan. Lẹ́yìn náà, mo tún ka ọ̀rọ̀ "ọ̀làwọ́" yẹn. Wọ́n parọ́ mọ́ mi, wọ́n mú irọ́ náà dání fún oṣù méjì, wọ́n jẹ́ kó wọ ilé, kó wọ etí ìyá mi, nígbà tí ẹ̀rí sì gbá wọn lójú, wọ́n ní àwọn dárí jì mí.

Mo fi ímeèlì náà han Dádì Tóyìn. Ó kà á, ó gbé ojú sókè ọ̀run. "Ògo ni fún Olúwa," ni ó wí. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wà nínú gbọ̀ngàn tí ìjọ wa ń yá, lókè ilé àwọn tó ń ṣe táyà. Gbogbo wa wọ sùtánà, a bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ó kan ẹ̀rí, Dádì Tóyìn dìde.

"Ẹ bá mi yin Olúwa. Ọ̀tá fẹ́ fi mọ́tò mi ba orúkọ mi jẹ́. Àbúrò ìyàwó mi gbé e lọ síbi tí kò yẹ, ìwé dé láti ilé iṣẹ́ òyìnbó, ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Mo kúnlẹ̀. Olúwa yí wọn lọ́kàn padà, wọ́n ní àwọn foríjì wá. Èmi náà, níwájú pẹpẹ yìí, mo ti foríjì í."

"Halelúyà!" ni gbogbo ìjọ wí. Àwọn kan yíjú sí mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín ìfẹ́.

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Ẹsẹ̀ mi tutù lórí ilẹ̀ náà. Mo rìn dé iwájú, mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, mo sì dìde padà.

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi. Oògùn ni mo lọ rà, fún àǹtí mi. Mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kámẹ́rà ló ṣì í, mo sì rí ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀rí náà wà nínú fóònù mi, ẹni tó bá fẹ́ lè wò ó. Dádì Tóyìn, ẹ fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ náà kí n tó délé. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí sílé, mi ò ní gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìdáríjì yín padà. Mi ò ṣẹ̀ yín."

Ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú táyà ń wá láti ìsàlẹ̀. Ìyá Ìjọ, obìnrin Èkìtì kan tó ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ láti orí àga rẹ̀.

"Alàgbà, ṣé o bi ọmọ yìí léèrè kí o tó fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ fún wọn?"

Dádì Tóyìn nu ojú rẹ̀. Ẹni tó ń darí ìsìn bá dá orin sílẹ̀ ní kíákíá.

Mo kúrò nílé wọn kó tó di ìparí oṣù. Rẹ́hánà mọ obìnrin kan tó ní yàrá kan ní Upney, kò jìnnà sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Yàrá náà kò tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ èmi ni mo ń san owó rẹ̀, ó sì ní fèrèsé tó kọjú sí ojú pópó. Mo pe Màámi, mo ní mo ti jàre. Ó bi mí pé ta ló bẹ̀ mí. Mo ní kò sí ẹni tó bẹ̀ mí. Ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n máa dáná fúnra mi, kí n má máa jẹ búrẹ́dì nìkan.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Àǹtí mi ni, ó dúró nínú òjò, ó gbé àpò aṣọ òtútù mi tí mo gbàgbé dání. Bọ́ọ̀sì ló wọ̀ wá. Mo gba àpò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ń retí kí ó sọ pé ọkọ òun kò ní in lọ́kàn, pé ilé ò ní gbà kí ẹbí jà, pé kí n máa bọ̀. Kò sọ ìkankan níbẹ̀.

"Èmi náà gbà á gbọ́," ni ó wí. Omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀, kò nù ún. "Mo mọ̀ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, mo sì gba ìwé gbọ́ jù ọ́ lọ. Mo wá béèrè orúkọ ọkùnrin lọ́wọ́ rẹ. Èmi ni mo ṣe é. Má bínú."

Àwọn yòókù ní àwọn ti foríjì mí, òun nìkan ló sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Inú ń bí mi síbẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn dáadáa, mo ní kó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ti rin, kó wọlé wá jókòó.